Ìrìn Ìyá Àgbà Bẹ́yẹrúnkà ní Ìlú Jàpáànù

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè méjì làwọn ará Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn ń bi mí. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé lóòótọ́ làwọn ará Jàpáànù ń jẹ ẹja ní tútù. Èkejì ni pé kí ni mo mú bọ̀. Mo ti dáhùn ti àkọ́kọ́ títí ó fi sú mi: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́, kò pa mí. Ti èkejì ni mo fẹ́ jókòó sọ níhìn-ín, torí ẹni tí mo bá dá lóhùn lójú ọ̀nà máa ń rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún òun ni. Fíìmù kékeré kan ni mo mú bọ̀. Kí omi tíì tó hó lórí iná, ó ti parí. Òun ni mo torí ẹ̀ lọ, díẹ̀ ló sì kù kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́hùn-ún.

Fúnmi àti ewúrẹ́ Màpó

Nílé tiwa, aṣọ là ń rán. Bàbá mi ń rán agbádá, bàbá tó bí i náà rán an. Èmi nìkan ni mo máa ń jí ṣọ́ọ̀kì télọ̀ mú, tí màá fi ya ènìyàn sára ògiri, tí wọ́n á sì fi ìyà jẹ mí. Ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti bá Fúnmi pàdé. Ọmọ tíṣà ni, ará Pópó Yemọja, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó mọ orin ìsìn lórí ju tábìlì ìṣirò lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Fúnmi ló ní fóònù. Inú fóònù yẹn la ti rí kátúùnù àwọn ará Jàpáànù kan, alápá púpọ̀, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n kóra jọ tí wọ́n ń ya kátúùnù tiwọn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: kátúùnù ni, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣe kátúùnù. Wọ́n á jókòó sínú yàrá tí bébà kún, wọ́n á máa jiyàn lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ aṣọ, àwọn tíṣà á sì máa lé wọn kiri. A wò ó lẹ́yìn kíláàsì títí a fi mọ̀ ọ́n lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò gbọ́ èdè wọn, Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ la ń kà.

“Sìdí,” Fúnmi sọ lọ́jọ́ kan, “àwọn wọ̀nyí ò ju ẹgbẹ́ wa lọ. Kí ló dé tá ò lè ṣe tiwa?”

“A ò ní nǹkan tí wọ́n ní.”

“Ìwọ ní pẹ́ńsù. Èmi ní ẹnu.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ya ewúrẹ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn Màpó. Ewúrẹ́ náà ò rìn dáadáa, ńṣe ló ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ, Fúnmi ló sì ń bá a ké. A gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a fi ara wa rẹ́rìn-ín, a jáde ìwé, Fúnmi wọ yunifásítì lọ kọ́ òfin. Èmi ò fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá ni ilé iṣẹ́ kátúùnù kékeré kan ní Jàpáànù rí i, òun àtàwọn mìíràn tí mo yà tẹ̀lé e, wọ́n ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fún ọdún kan. Wọ́n ní kí n tó máa bọ̀ nílé, màá ya fíìmù kan tó jẹ́ tèmi.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà l'Ọ́jà'ba, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ín láti ilé lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, àfìgbà tí eékún dá a jókòó. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà wa ni ibi tó jìnnà jù tó ń dé. Nígbà tí mo lọ sọ fún un pé mò ń rìnrìn-àjò, ó ní kí n jókòó ti òun.

“Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?”

“Ìyá, àwòrán ni mo fẹ́ lọ kọ́. Àwòrán tó ń rìn.”

“Ó ń rìn bíi báwo?”

Mo fi ewúrẹ́ hàn án lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe.

“Bí ewúrẹ́ bá lè rìn,” ó ní, “yà mí, kí èmi náà rìn dé Ọjà'ba. Ó ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀.”

Mo ní, “Màá yà yín, Ìyá.” Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ.

Àwa méjèèjì lórí ilẹ̀

Ìlú tí wọ́n gbé mi lọ wà létí òkun. Òtútù ni mo bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti òtútù kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé. Ìdákẹ́jẹ́ ìlú náà ni kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ẹ̀ fún mi. Nínú kátúùnù tí èmi àti Fúnmi wò, ńṣe làwọn ọmọ yẹn ń sáré, tí wọ́n ń pariwo. Mo wá ń retí ìlú aláriwo. Rélùwéè kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ó pa lọ́lọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ń kírun níbẹ̀. Mo wọlé, mo kí wọn lédè wọn bí mo ṣe kọ́ ọ: ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Gbogbo wọn wolẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ di ojú bí ẹni tó sùn. Mo jókòó, ìtìjú mú mi, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé níbo lèmi bá ara mi yìí, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ kíkí tí wọn kì í dáhùn.

Mo dé ilé iṣẹ́. Ọ̀gá tó ni ín jẹ́ obìnrin àgbà kan tó tín-ín-rín, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mórítà. Wọn kì í pe orúkọ ènìyàn lásán níbẹ̀, wọ́n á fi “san” kún un lẹ́yìn, bí àwa náà ò ṣe jẹ́ pe àgbà láìfi Àǹtí tàbí Bọ̀dá síwájú. Ẹ sì mọ̀ wá ní Bẹ́yẹrúnkà, a kì í kí àgbà lóòró. Bí mo ṣe rí irun funfun lórí Mórítà-san, eékún mi ti kanlẹ̀. Àṣé ti wọn ni pé bí ènìyàn bá tẹrí ba fún ọ, ìwọ náà á tẹrí ba padà, kí tirẹ̀ má baà ju tìrẹ lọ. Ni obìnrin àgbà náà bá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀. Kí ni mo ti fẹ́ ṣe sí i? Ṣé kí n dìde nígbà tí àgbà ṣì wà nílẹ̀ ni? Mo tún fi orí balẹ̀ sí i. Òun náà tún fi balẹ̀ sí i. Mò ń retí kó ní kí n dìde, òun náà ń retí kí n kọ́kọ́ dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró yí wa ká, wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ló wá fà mí lápá, òmíràn fa ọ̀gá wọn, wọ́n gbé wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mórítà-san wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bu tíì fún mi. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé a máa bára wa ṣe é.

Ata

Àárò ilé kì í sọ ènìyàn látòkè wá, inú ikùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ wọn ò burú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìrẹsì wọn ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á rọ ọ́ bíríkítí, wọ́n á fi ewé òkun dúdú kan wé e bí ìgbà tí a wé ẹ̀kọ. Ẹja wọn mọ́, ọbẹ̀ wọn mọ́ lóló. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, ọbẹ̀ tí ènìyàn ń rí ìdí àwo nísàlẹ̀ ẹ̀. Ata gígún tí ìyá mi dì fún mi ni mò ń fi ìka kéékèèké bù, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ oògùn, ó sì tán. Ọjọ́ tó tán, mo tú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, mo fimú sí i, mo sunkún. Mo ti kọjá ẹni tó ń sunkún nítorí ata, bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Obìnrin kan ń ta oúnjẹ nítòsí ibi tí mò ń gbé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo juwọ́ juwọ́ títí mo fi yé e pé mi ò kí ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kò bi mí pé kí ló dé. Kò bi mí lórúkọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, bí mo bá ti yọjú, á ti máa gbé ẹja kaná fún mi, á ti fọ ìkòkò rẹ̀ lákọ̀tun. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn níbẹ̀ nìyẹn, láìsọ̀rọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì tún ń pa mí lára. Nílé wa, ẹni tó fẹ́ràn rẹ á bi ọ́ ní ìbéèrè títí á fi sú ọ: ọmọ ta ni ọ́, agboolé wo, kí lo jẹ, ìgbà wo lo máa lọ́kọ. Mo lo oṣù lórí oṣù láìsí ẹni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Nínú rélùwéè, àyè ẹ̀gbẹ́ mi sábà máa ń ṣófo, bí ènìyàn tilẹ̀ dúró kún ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ bínú, nígbà tó yá mo gbé báàgì mi síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan gbé báàgì náà fún mi, ó jókòó, ó bó ọsàn, ó fún mi nínú rẹ̀. A ò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí ó fi sọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ púpọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Mo wò ó títí ọkọ̀ fi gbé mi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn ìyá arúgbó ìlú náà níbi gbogbo, tí mò ń yà wọ́n. Mo rò pé Ìyá Àgbà mi ni mò ń wá lára wọn.

Iṣẹ́

Ọ̀nà tí Mórítà-san ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsù kí ó tó fi ara rẹ̀ ṣe ohun tó fẹ́ yà. Bí o bá fẹ́ ya ẹni tó ń jókòó, dìde kí o jókòó. Bí o bá fẹ́ ya ẹni tó ń bínú, lọ dúró síwájú dígí kí o bínú. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ débẹ̀, á rò pé ilé wèrè ni: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, obìnrin kan ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá jókòó sórí tábìlì oníná, tí wọ́n á máa to bébà lé bébà, àwòrán kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, títí nǹkan á fi mira.

Ti ìrìn yàtọ̀. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni wọ́n ń yà, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á wá máa dá a padà léraléra. Ẹni tí o rí tó ń rìn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú kátúùnù, ìṣísẹ̀ méjì yẹn náà ló ń gbé. Kì í gba ènìyàn lákòókò púpọ̀. Ìyá Àgbà tèmi náà, ìṣísẹ̀ méjì ni mo yà á sí. Mo wọ̀ ọ́ ní ìró àti bùbá, mo ta gèlè kékeré sí i lórí, mo gbé igbá òwú lé e lọ́wọ́. Mo ya òkè Màpó sẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn páànù ilé wa tó ti dípata. Ó ń rìn. Mórítà-san wò ó, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyìn ńlá ni. Mo fi fóònù pe Fúnmi, mo ní Ìyá ti ń lọ sí Ọjà'ba.

Àwọn ọmọ tó dà bíi tiwa

Ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan wà lókè ìlú náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ kátúùnù tiwọn. Mórítà-san máa ń lọ wo iṣẹ́ wọn, ó sì mú mi dání. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá wọn, ọkàn mi fò. Gbogbo ohun tí èmi àti Fúnmi rí nínú fóònù ló wà níwájú mi: bébà nílẹ̀, bébà lára ògiri, ọmọbìnrin méjì tó ń jiyàn lórí bí òjò ṣe ń bọ́ lára agboòrùn, òmíràn tó sùn sórí tábìlì. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ariwo láti ìgbà tí mo ti dé Jàpáànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo jowú. Ó wù mí kí Fúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, kó ní, “Ṣé mi ò wí fún ẹ?” Mo wò yíká yàrá náà bí ẹni tó lè rí i.

Wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ tèmi han àwọn. Mo gbé Ìyá Àgbà sórí kọ̀ǹpútà wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Háná, òun ló ń jiyàn òjò lẹ́ẹ̀kan, súnmọ́ ọn, omi sì lé sí i lójú.

“Ó jọ ìyá àgbà tèmi,” ó ní. “Bó ṣe máa ń rìn gẹ́lẹ́ nìyí.”

Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Oríyìn ńlá ni Háná rò pé òun fún mi. Ṣùgbọ́n mo padà wo ohun tí mo yà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà mi ò tẹ̀ rí láyé. Obìnrin gìdìgbà ni, àyà rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìyá arúgbó ọlọ́sàn inú rélùwéè ni mo wọ̀ ní ìró àti bùbá, tí mo ní kó máa lọ sí Ọjà'ba.

Mórítà-san rí ojú mi. “Dìde,” ó ní. “Rìn ín fún mi.”

Mo dìde níwájú àwọn ọmọ náà. Mo fẹ́ rìn bí Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tún un ṣe, ìrìn ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ náà ló tún jáde. Mo dúró ságbedeméjì yàrá náà. Ẹni tó pọ̀n mí, tí mo tẹ̀ lé lẹ́yìn lọ sí ọjà láti kékeré, mo ti gbàgbé bó ṣe ń rìn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, òtútù ìlú yẹn ò tó o.

“O ò mọ ọ̀nà ni?”

Mo pe ilé. Mo ní kí wọ́n wá fídíò Ìyá fún mi, níbi tó ti ń rìn. Gbogbo agboolé wa tú fóònù wọn. Ìyá níbi ìsọmọlórúkọ, ó jókòó. Ìyá lọ́jọ́ iléyá, ó jókòó. Nígbà tó ń rìn, ta ló rò pé ó yẹ kí òun ká ìyẹn sílẹ̀? Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun alára.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń rìn?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo máa ń rìn bí ènìyàn.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi. Bẹ́ ẹ bá ti jáde nílé, kí lẹ máa ń ṣe?”

“Màá kí bàbá rẹ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n á ní ẹ̀ẹ́ rí wa rà. Màá dé ojúde Mọ́gàjí, màá dúró, màá tún ìró mi ró, màá ní ẹ kú ìjókòó o, ọmọ ńkọ́? Wọn á ní ara rẹ̀ ti yá. Màá ní alihamudulilahi. Ní ẹnu ọ̀nà oníwàásù…” Ó dánu dúró. “Sìdíkátù, kí ni mò ń sọ fún ẹ? O ò mọ ọ̀nà ni? Àárò rẹ ń sọ mí, ìgbà wo lò ń bọ̀?”

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, èmi ti dìde. Mo gbé fóònù sétí, mò ń lọ láàárín yàrá mi. Níbi tó ti ní òun á dúró, mo dúró. Ọwọ́ mi lọ sí ìbàdí láti tún ìró tí kò sí lára mi ró. Mo yí gbogbo àyà mi sí ẹnu ọ̀nà tí mò ń kí, nítorí Ìyá kì í fi ẹ̀gbẹ́ ojú kí ènìyàn. Mo sì rí i, bó ṣe ń gbé ìdí, bó ṣe ń gbé ọrùn. Ìyá Àgbà kò rìn lọ sí Ọjà'ba rí láyé rẹ̀. Kíkí ló ń kí wọn lọ, ẹsẹ̀ kàn ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni.

Mo lọ bá Mórítà-san. Mo ní kò ní ṣeé fi ìṣísẹ̀ méjì dá a padà. Bó ṣe kí ẹni ọ̀tọ̀ ni ara rẹ̀ ń yí lọ́nà ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ tó gbé kúrò lójúde Mọ́gàjí kì í ṣe irú èyí tó gbé dé ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa tún yà, bébà lé bébà.

“Kò sí àkókò púpọ̀ mọ́ kí o tó lọ,” ó ní. “Bí kò bá parí, kò sí fíìmù nìyẹn. Ẹni tó ń wò ó ní Jàpáànù ò ní mọ̀ pé kò kí ẹnikẹ́ni.”

“Ìyá Àgbà mi á mọ̀. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá kọjá láìkí ará ilé, tàbí kó jẹ́ pé ó ń bínú, tàbí kí orí ẹ̀ ti dàrú.”

Ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí oníkálukú gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n jókòó bí onílé, kí wọ́n sì máa dá mi lóhùn. Mo kọ́ wọn lóhùn ìdáhùn. Mo wá ń kọjá láàárín wọn, mò ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú iṣẹ́ o. Onírùngbọ̀n tó máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dìde, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Ìyá,” ohùn rẹ̀ ṣe kóńkóló lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti tó oṣù mélòó tí ẹnikẹ́ni kò kí mi lédè mi? Mo kọjú sí ògiri, mo nu ojú mi kí n tó máa lọ.

Fúnmi ló bá mi wá ohùn. Ó fi yunifásítì sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gba ọ̀nà Ìyá láti Bẹ́yẹrúnkà, ó ń kí ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi fóònù gba ohùn ẹni tó bá dáhùn. Ibi tí ohùn bá ti jáde ni mo ya ìdúró sí. Mo yà á títí ọwọ́ mi fi ń wú. Àwòrán tó kẹ́yìn ni ibi tí Ìyá ti sọ igbá òwú rẹ̀ kalẹ̀ l'Ọ́jà'ba. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, Mórítà-san wò ó délẹ̀, kò mi orí. Ó kàn dìde, ó tẹrí ba fún kọ̀ǹpútà.

Ìbàdàn

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí ọkọ̀ dé orí òkè tí mo ti rí àwọn páànù pupa wọ̀nyẹn, tí wọ́n tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń dá mi lóhùn. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Mo bá Ìyá Àgbà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti rù díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n dìde, mo wá dìde. Nígbà tí àwọn èrò tán lára mi, tí Fúnmi náà ti dé láti Pópó Yemọja, a gbé kọ̀ǹpútà lé àpótí síwájú Ìyá. Mo tan fíìmù.

Ó rí ara rẹ̀ tó jáde nílé. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín ewúrẹ́. Bí Ìyá inú àwòrán bá kí ènìyàn, tí ohùn ará àdúgbò bá dáhùn, Ìyá tó jókòó náà á mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìbàdí nígbà tí ti inú àwòrán lọ. Mo wo Fúnmi, Fúnmi wò mí. Ìyá sọ igbá kalẹ̀ l'Ọ́jà'ba, ó parí. Ìyá Àgbà ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

“Èmi nìyẹn,” ó ní. “Bí mo ṣe máa ń rìn nìyẹn.” Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ sì le. “Ṣùgbọ́n o mú mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Sàláwù, òdìkejì wa níbí. O ò jẹ́ kí n kí i.”

Fúnmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá, mo kànlẹ̀kùn ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tì pa, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.”

Èmi náà ní, “Ìyá, Ìyá Sàláwù ti kú. Kí n tó lọ ló ti kú.”

“Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?” Ó na ìka sí ara rẹ̀ tó dúró sí Ọjà'ba lórí kọ̀ǹpútà. “Nígbà tí mò ń rìn, ó wà láàyè. Ṣé ó wá yẹ kí n kọjá lára ẹ̀ láìkí i, kó jókòó síbẹ̀ kó máa wò mí? Dá mi padà.”

Mo mú bébà, mo mú pẹ́ńsù, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó sọ fún mi bí Ìyá Sàláwù ṣe máa ń jókòó, àti ohùn tó fi ń dáhùn. Fúnmi ní òun á dáhùn nípò rẹ̀, bí Ìyá bá lè kọ́ òun. Ìyá Àgbà wá tún ìró rẹ̀ ró lórí ìjókòó, ó yí àyà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó ti tì pa ní òdìkejì, ó sì kí i.